Ọmọ Tí Kò Tíì Pé Ọdún 18 Lẹ́nu Iṣẹ́ Owó: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ọjọ́ Orí, Wákàtí àti Irú Iṣẹ́ Tí Òfin Nàìjíríà Gbà Láàyè

Nígbà tí ọlidé gígùn bá dé, tàbí tí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mẹ́wàá tó ń dúró de èsì ìdánwò, ọ̀pọ̀ òbí a máa wá ibi tí wọn yóò fi í sí kó má baà jókòó lásán sílé. Ẹlòmíràn a fi í sí ṣọ́ọ̀bù, ẹlòmíràn a fi í sọ́dọ̀ télọ̀, ẹlòmíràn a sì wá iṣẹ́ fún un ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì tàbí omi inú ọ̀rá. Kò sí ohun tó burú nínú kí ọmọ mọ iṣẹ́ ṣe. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń gba ọmọ síṣẹ́, àti àwọn tó ń fa ọmọ lé wọn lọ́wọ́, ni kò mọ̀ pé òfin ti ka ọdún fún ọmọ, ó ti ka wákàtí fún un, ó sì ti sọ ibi tó yẹ kó sùn lálẹ́. Àwọn ìbéèrè tí àwọn òbí àti àwọn ọ̀gá iṣẹ́ máa ń béèrè ni mo kó jọ síhìn-ín, òfin Nàìjíríà ni mo sì fi dáhùn wọn.

Òfin wo gan-an ló ń darí ọ̀rọ̀ yìí?

Òfin mẹ́rin ni a óò máa tọ́ka sí. Èkíní ni Òfin Iṣẹ́, tí àwọn amòfin ń pè ní Labour Act, èyí tó wà nínú àkójọ òfin àpapọ̀ ti ọdún 2004. Ẹ̀ka 59 títí dé 64 nínú rẹ̀ ló dá lórí àwọn ọ̀dọ́. Èkejì ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ sọ òfin yìí di tirẹ̀ kó tó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀, gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù ló sì ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ti Èkó jáde ní ọdún 2007. Ẹ̀kẹta ni òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó jẹ́ dandan, ti ọdún 2004. Ẹ̀kẹrin ni òfin tó ka fífi ènìyàn ṣòwò léèwọ̀, ti ọdún 2015, èyí tí àjọ NAPTIP ń lò.

Ní àfikún sí èyí, ní ọdún 2002 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn méjì láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, ọ̀kan lórí iye ọdún tí ọmọ gbọ́dọ̀ pé kó tó gba iṣẹ́, èkejì lórí irú iṣẹ́ tó burú jù tí a lè fi ọmọ sí. Ọdún 15 ni orílẹ̀-èdè wa kọ sílẹ̀ nígbà náà gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí tó kéré jù.

Ta ni òfin ń pè ní ọmọdé?

Ibí yìí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹnu àwọn òfin náà kò kò. Nínú Òfin Iṣẹ́, ẹni tí kò tíì pé ọdún 12 ni ọmọdé, ẹni tí kò sì tíì pé ọdún 18 ni ọ̀dọ́. Nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì pé ọdún 18 ni ọmọdé, kò sí ìpín mìíràn. Kò sí èyí tó gba ti ìdàgbàsókè ara yẹ̀ wò nínú méjèèjì. Ọmọ ọdún 13 lè sanra, ó lè ga ju ìyá rẹ̀ lọ, ó ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 13 lójú òfin. Nítorí náà, ìwé ọjọ́ ìbí ni kí agbanisíṣẹ́ kọ́kọ́ béèrè. Bí kò bá sí ìwé ọjọ́ ìbí, kí ó béèrè ìwé láti ilé ẹ̀kọ́ ọmọ náà.

Ọmọ ọdún mélòó ló lè ṣiṣẹ́ gba owó?

Ẹ jẹ́ kí a fi Òfin Iṣẹ́ gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 12 kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, àyàfi iṣẹ́ oko, iṣẹ́ ọgbà tàbí iṣẹ́ ilé tí kò wúwo, tí ìjọba fọwọ́ sí, lábẹ́ ẹni tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 14 kò gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ olóṣù. Owó òòjọ́ ni wọn yóò máa san fún un, lójoojúmọ́ ni iṣẹ́ náà ń parí, ó sì gbọ́dọ̀ padà sílé lọ sùn lọ́dọ̀ òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ ní alaalẹ́. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 15 kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ rárá ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọjà jáde, ibi ìwakùsà, ibi ìkọ́lé tàbí nínú iṣẹ́ ọkọ̀ akérò àti ọkọ̀ akẹ́rù, yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ lábẹ́ àbójútó ìjọba. Èyí túmọ̀ sí pé ọmọ ọdún 13 tó ń rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì gẹ́gẹ́ bí kọ́ńdọ́ ti kọjá ààlà òfin, bó ti wù kí ojú wa ti mọ́ ọn tó.

Bí ibi iṣẹ́ bá jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 kò ní lè máa lọ máa bọ̀ láti ilé òbí rẹ̀ lójoojúmọ́, a kò gbọ́dọ̀ gbà á síbẹ̀ àfi bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá fọwọ́ sí i, tí àdéhùn sì wà ní kíkọ sílẹ̀. Yàtọ̀ sí irú àdéhùn àkànṣe yìí àti ti ẹ̀kọ́ iṣẹ́, ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 kò lágbára lábẹ́ òfin láti bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tún le ju èyí lọ. Ẹ̀ka 28 rẹ̀ sọ pé ọmọdé, tí í ṣe ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, kò gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ kankan àyàfi iṣẹ́ oko, ọgbà tàbí ilé tí kò wúwo lábẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Ẹ̀ka 29 tó tẹ̀ lé e sì tún ní kí àwọn ìlànà tí Òfin Iṣẹ́ là sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ máa bá ọmọdé wí. Àwọn amòfin ń jiyàn lórí bí a ó ṣe so méjèèjì pọ̀. Ìmọ̀ràn tèmi fún agbanisíṣẹ́ ni pé kí ó tẹ̀ lé èyí tó le jù, nítorí ẹni tó bá tẹ̀ lé èyí tó le kò lè jẹ̀bi èyí tó rọ̀.

Wákàtí mélòó ni wọ́n lè fi ṣiṣẹ́ lóòjọ́?

Ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 4 lọ láìsinmi, àpapọ̀ wákàtí tó fi ṣiṣẹ́ lóòjọ́ kò sì gbọ́dọ̀ ju 8 lọ. Bí ó bá débi iṣẹ́ ní aago 8 àárọ̀, ó gbọ́dọ̀ ti jókòó sinmi kí aago 12 ọ̀sán tó kọjá. Kò sí ọ̀rọ̀ pé oníbàárà pọ̀ lónìí. Òfin gbogbogbòò fún òṣìṣẹ́ tún dé orí rẹ̀: ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan, nínú ọjọ́ 7 sì ni ó gbọ́dọ̀ ti ní ó kéré tán ọjọ́ kan gbáko fún ìsinmi, ìyẹn wákàtí 24 tó tẹ̀ léra. Ní ọjọ́ ìsinmi tí ìjọba kéde, bíi ọjọ́ Iléyá tàbí Kérésìmesì, ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó ń tajà mọ̀ pé ọjọ́ wọ̀nyẹn gan-an ni ọjà máa ń yá, nítorí náà kí wọ́n kíyè sí èyí.

Ìsinmi ọdọọdún náà wà. Lẹ́yìn oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ iṣẹ́ 6 ni ẹ̀tọ́ àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ọjọ́ iṣẹ́ 12 ni ti ẹni tí kò tíì pé ọdún 16, òfin sì sọ ọ́ ní pàtó pé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà lára wọn. Owó rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dúró ní àkókò ìsinmi yìí.

Ṣé ọmọ ọdún 17 lè ṣiṣẹ́ alẹ́?

Òfin bẹ̀rẹ̀ láti orí pé ọ̀dọ́ kankan kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lóru. Fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 16, òru túmọ̀ sí ó kéré tán wákàtí 12 tó tẹ̀ léra, tí aago 10 alẹ́ sí aago 6 àárọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà láàárín rẹ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá kúrò níbi iṣẹ́ ní aago 7 alẹ́, kò gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀ kí aago 7 àárọ̀ tó lù.

Àwọn tó ti lé ní ọdún 16 ní àyè díẹ̀. Wọ́n lè ṣiṣẹ́ òru ní àwọn ibi tí iná ẹ̀rọ kò ti ṣeé pa: ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, ilé iṣẹ́ gíláàsì, ilé iṣẹ́ bébà, ibi tí wọ́n ti ń ṣe ṣúgà tí wọn kò tíì fọ̀ mọ́ àti ibi tí wọ́n ti ń fọ wúrà. Wọ́n tún lè ṣe é bí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì tí ẹnikẹ́ni kò lè rí tẹ́lẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. Kí àwọn tó ni ilé búrẹ́dì kíyè sí i pé kò sí búrẹ́dì nínú àkọsílẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé òru ni wọ́n ń po ìyẹ̀fun kí búrẹ́dì lè gbóná dé ọ̀dọ̀ àwọn alároobọ̀ ní ìdájí, ṣùgbọ́n ọwọ́ àgbàlagbà ni kí ó ṣe iṣẹ́ náà.

Irú iṣẹ́ wo ni a kò gbọ́dọ̀ fún wọn rárá?

Ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ. Ọmọ ọdún 15 tí wọ́n fi sídìí ẹ̀rọ tó ń lẹ ọ̀rá omi, tàbí sídìí ẹ̀rọ tó ń la pákó, wà níbi tí òfin kò gbà. Títí ọmọ yóò fi pé ọdún 18, kò gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ tó lè ba ìlera rẹ̀ jẹ́, tó léwu, tàbí tó lè ba ìwà rẹ̀ jẹ́. Bí mínísítà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá sì fi ìwé sọ fún agbanisíṣẹ́ pé iṣẹ́ kan kò yẹ fún ọ̀dọ́, ó gbọ́dọ̀ dá a dúró, kí ó sì san owó gbogbo ọjọ́ tí ọmọ náà ti ṣiṣẹ́. Ní ti ẹrù rírù, ohun tó bá wúwo débi tó lè pa ìdàgbàsókè ọmọ lára, èèwọ̀ ni.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 2003, wọ́n kó àwọn ọmọ tó lé ní 100 kúrò níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní agbègbè Abẹ́òkúta, wọ́n sì dá wọn padà sí ilẹ̀ Benin níbi tí wọ́n ti kó wọn wá. Àwọn ọmọ kéékèèké wà lára wọn.

Ọmọ mi ń ràn mí lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ṣé mo ti rú òfin ni?

Bí ọmọ bá ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ láti to ọjà, láti gbálẹ̀, tàbí láti bu gàárì fún oníbàárà kí ó tó jókòó ti iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni yóò pè é ní ẹ̀ṣẹ̀. Àtijọ́ ni a ti ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ báyìí. Ohun tí òfin ń wò ni bóyá iṣẹ́ náà wúwo ju agbára rẹ̀ lọ, bóyá ó ń pa ilé ẹ̀kọ́ jẹ, àti bóyá ó ń pẹ́ dòru. Jíjẹ́ òbí kò sọ ohun tó léwu di ohun tí kò léwu.

Ọjà kíkiri ńkọ́?

Ẹ̀ka 30 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé kà á léèwọ̀ láti fi ọmọdé kiri ọjà ní títì ìlú àti ní òpópónà, tàbí láti fi ọmọ tọrọ owó.  Àwọn tó ń rán ọmọ láti lọ ta omi láàárín ọkọ̀ tó há nínú gosiló kò gbọ́dọ̀ fojú kékeré wo èyí.

Mo jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́ ọwọ́. Kí ni mo gbọ́dọ̀ ṣe kí n tó gba ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́?

Ìbéèrè yìí ló sún mọ́ wa jù, torí pé nínú ọgbọ̀n ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ẹ bá rí ní ilé ìránṣọ, ilé onírun, lọ́dọ̀ wẹ́dà àti lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó ṣòro láti rí ọ̀kan tí àdéhùn rẹ̀ bá ìlànà Òfin Iṣẹ́ mu. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé òbí yóò mú ọmọ wá, wọn yóò sọ iye owó àti iye ọdún, wọn yóò gbàdúrà, ó parí. Àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní fọ́ọ̀mù tiwọn, èyí sì dára, àmọ́ kò tíì tó.

Ohun tí òfin sọ nìyí. Òbí tàbí alágbàtọ́ lè fi ọmọ tó ti lé ní ọdún 12 tí kò tíì pé ọdún 16 sẹ́nu ẹ̀kọ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ náà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà, kí ó sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn láti fi hàn pé ó gbà. Àdéhùn náà gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ ju ọdún 5 lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, yóò wádìí bóyá wọ́n fipá mú ọmọ náà, bóyá ara rẹ̀ le tó fún iṣẹ́ náà, àti bóyá wọ́n ti fẹnu kò lórí ohun tí yóò máa gbà. Ẹni tó ti pé ọdún 16 lè tọwọ́ bọ àdéhùn ẹ̀kọ́ iṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Kí àwọn ọ̀gá fi ọkàn sí ohun tí òfin pe ẹ̀kọ́ṣẹ́: kíkọ́ ọmọ ní iṣẹ́ létòlétò. Ọmọ tó lo ọdún méjì ní fífọ aṣọ ọ̀gá, gbígbé ọmọ ọ̀gá pọ̀n àti pípọn omi, tí kò tíì gé aṣọ kan rí, kò sí lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ kankan. Bí ọdún àdéhùn bá pé, tí ọ̀gá sì dá ọmọ dúró nítorí pé òbí kò tíì rówó ayẹyẹ fúrídọ̀ọ̀mù, ọ̀gá náà ń lo ọmọ ọlọ́mọ láìsan owó. Mo gbà pé ayẹyẹ náà níyì, inú mi a sì máa dùn bí mo bá rí ọmọ tó ń kúnlẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ṣùgbọ́n àṣà wa ni, kò sí nínú òfin, a kò sì lè torí rẹ̀ so ọmọ mọ́lẹ̀.

Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ṣé wákàtí tirẹ̀ náà ní ìwọ̀n?

Mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Nínú Òfin Iṣẹ́, àwọn ìlànà mẹ́ta tó ṣe pàtàkì jù, ìyẹn pípadà sílé òbí ní alaalẹ́, àdéhùn fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jìnnà sílé, àti ìwọ̀n wákàtí 8 lóòjọ́, ni òfin fúnra rẹ̀ sọ pé wọn kò kan ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ilé, àfi bí mínísítà bá ṣe ìlànà mìíràn. Ọmọ tó ń sùn nílé agbanisíṣẹ́, tí wọ́n lè jí ní aago 4 ìdájí, tí wọ́n sì lè rán níṣẹ́ ní aago 11 alẹ́, ni òfin yọ kúrò lábẹ́ àwọn ìlànà tí òun ìbá fi dáàbò bò ó. Mo gbà pé àṣìṣe ńlá ni.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ló dí àlàfo náà. Ó sọ láìfi bò pé a kò gbọ́dọ̀ gba ọmọdé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀ níta ilé tàbí ẹbí tirẹ̀. Òfin ọdún 2015 tó ka fífi ènìyàn ṣòwò léèwọ̀ sì fi ẹ̀wọ̀n tì í: ẹni tó bá gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 sẹ́nu iṣẹ́ ilé, tàbí tó kó o wá, tàbí tó fi í háyà fún ẹlòmíràn, yóò ṣẹ̀wọ̀n láti oṣù 6 títí dé ọdún 7. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ èyí tó ń pọ́n ọmọ lójú tàbí tó léwu fún ìdàgbàsókè rẹ̀, ẹ̀wọ̀n náà bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2.

Àwọn kan yóò sọ pé mọ̀lẹ́bí ni ọmọ náà, pé àwọn ń tọ́ ọ ni. Ọmọ títọ́ wà nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì dàgbà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí àbúrò ìyá. Ẹ wo ọmọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ tí ẹ bí: ṣé ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n ń lọ, ṣé àkókò kan náà ni wọ́n ń sùn, ṣé oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ọmọ ọ̀dọ̀ ni.

Ní ti àwọn tó ń kó ọmọ wá láti Kútọnu, láti Tógò tàbí láti ìpínlẹ̀ mìíràn, tí wọn a sì máa gba owó oṣù ọmọ náà lọ́dọọdún, ẹ má bá wọn dòwò pọ̀. Òfin Iṣẹ́ béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń kó òṣìṣẹ́ jọ fún ẹlòmíràn. Àwọn baba wa mọ ohun tó ń jẹ́ ìwọ̀fà, nígbà tí wọ́n máa ń fi ọmọ dógò nítorí gbèsè. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò kan ọwọ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí.

Eélòó ni kí a san fún wọn?

Owó oṣù tó kéré jù tí òfin gbé kalẹ̀ ní ọdún 2024 ni ₦70,000, ṣùgbọ́n kò de ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, bẹ́ẹ̀ ni kò de iṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́. Nítorí náà, púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kéékèèké wà lẹ́yìn ògiri òfin yìí. Àdéhùn tó ṣe kedere nìkan ló lè gbà wọ́n. Owó ni kí a fi san iṣẹ́, kì í ṣe aṣọ àlòkù tàbí ọjà tí kò tà. Bí ọmọ bá fọ́ gíláàsì tàbí tí ọjà bá bà jẹ́, ọ̀gá kò lè kàn yọ ọ́ nínú owó rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ọmọ náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí pé ó fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba sì gbọ́dọ̀ ti fi ìwé gbà kí wọ́n tó yọ ọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ nínú oṣù kan kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ.

Ṣé ọmọ lè fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ torí iṣẹ́?

Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó parí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Òbí ni òfin di ẹrù yìí lé lórí. Ìbáwí ni fún ìgbà àkọ́kọ́; lẹ́ẹ̀kejì, ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan tàbí méjèèjì; lẹ́yìn náà, ₦5,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù méjì tàbí méjèèjì.

Ọmọ mi gba iṣẹ́ láìsọ fún mi. Kí ni mo lè ṣe?

Bí kò bá tíì pé ọdún 16, ẹ lọ bá agbanisíṣẹ́ náà, kí ẹ sọ fún un lẹ́nu tàbí kí ẹ kọ ìwé pé ẹ kò fọwọ́ sí i. Láti ìgbà náà lọ, kò gbọ́dọ̀ fi ọmọ náà ṣiṣẹ́ mọ́, àfi bí ó bá ní àdéhùn tí òṣìṣẹ́ ìjọba ti fọwọ́ sí. Ìwé dára ju ẹnu lọ. Ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́.

Ìyà wo ló wà fún ẹni tó bá rú òfin?

Nínú Òfin Iṣẹ́, owó ìtanràn tí kò ju ₦100 lọ ni. Owó yìí kò lè ra búrẹ́dì lónìí, ó sì yẹ kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tún un ṣe. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé òbí tó bá gbà kí wọ́n fi ọmọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tó jẹ̀bi. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti àpapọ̀ ló ní eyín: owó ìtanràn tó lè dé ₦50,000, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 5, tàbí méjèèjì, bí ó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ló ṣẹ̀, ìtanràn ₦250,000 wà fún àwọn tó ń darí rẹ̀. Kí ẹ wo iye tí òfin ìpínlẹ̀ yín kọ.

Ìwé wo ni agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́?

Ilé iṣẹ́ tó bá ní ọ̀dọ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé àkọsílẹ̀ tí orúkọ wọn, ọjọ́ orí wọn, ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àti irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe wà nínú rẹ̀. Nígbàkígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá béèrè rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ lè fi hàn án.

Níbo ni a ti lè fi ẹjọ́ sùn?

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ wákàtí, owó tàbí àdéhùn, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní olú ìlú ìpínlẹ̀ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Bí wọ́n bá kó ọmọ wá láti ibòmíràn, tàbí tí wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́, ọ̀dọ̀ NAPTIP, tó ní ọ́fíìsì ní Èkó àti ní Òṣogbo, tàbí ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá ni kí ẹ gbà lọ. Ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọdé náà ń gba irú ẹjọ́ yìí. Ní ti ẹjọ́ pípè, àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè ní ọdún 2010 fi ọ̀rọ̀ fífi ọmọ ṣiṣẹ́ sábẹ́ ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní National Industrial Court.

Kí ẹ tó lọ, ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ ọjọ́, aago tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, aago tó sinmi àti aago tó ṣíwọ́ sínú rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹ kọ ibi tó ń sùn pẹ̀lú. Ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba yóò béèrè lọ́wọ́ yín nìyẹn.